Ìwé Ọmọdé ní Èdè Swídìn: Iṣẹ́ Àlùfáà, Iṣẹ́ Olùkọ́, Iṣẹ́ Òǹkọ̀wé

Ìtàn lítíréṣọ̀ ọmọdé ní èdè Swídìn ni mo mú wá lónìí. Ìbéèrè kan ni n ó fi tú u: ta ló ń pinnu ohun tí ọmọdé yóò kà?

Ní Swídìn, ìjọ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ pinnu. Ọdún 1591 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí pé ìwé ọmọdé àkọ́kọ́ jáde ní èdè náà. Ìwé ìwà rere fún àwọn ọmọbìnrin ni, láti èdè Jámánì ni wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀. Ní 1686, òfin ìjọ pa á láṣẹ pé kí tọmọdé tàgbà, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀, kọ́ ìwé kíkà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí Ọlọ́run wí. Àlùfáà a máa dán agboolé kọ̀ọ̀kan wò lórí katikísímù, a sì máa kọ bí olúkúlùkù ṣe mọ̀ ọ́n tó sílẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe mọ̀wé kà tipẹ́tipẹ́ kí ìwé tó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó dé.

Lẹ́yìn àlùfáà ni olùkọ́ dé. Òfin 1842 ní kí ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ó kéré tán. Ní Fínlándì, níbi tí àwọn kan ti ń sọ èdè Swídìn títí dòní, Zacharias Topelius, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, kó àlọ́, ewì àti eré onítàn jọ fún ọmọdé. Ìdìpọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì jáde láàárín 1865 sí 1896. Ìwàásù ṣì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n adùn ìtàn ti ń borí. Ní 1899, ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ ní Swídìn dá ọ̀wọ́ ìwé olówó pọ́ọ́kú kan sílẹ̀, Barnbiblioteket Saga, kí ọmọ tálákà náà lè ní ìwé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ń wá ìwé kíkà tuntun tí yóò kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì orílẹ̀-èdè. Wọn kò gbé e fún onímọ̀ jọ́gíráfì. Selma Lagerlöf ni wọ́n lọ bá, òǹkọ̀wé tó ti ṣe olùkọ́ rí ní ìlú Landskrona. Ìwé rẹ̀ lórí Nils Holgersson jáde ní apá méjì, ní 1906 àti 1907. Nils jẹ́ ọ̀lẹ ọmọ tó ń dá ẹranko lóró. Iwin ilé sọ ọ́ di ràrá bíńtín, ló bá di mọ́ ọrùn ẹyẹ ńlá kan, ó sì bá agbo ẹyẹ igbó fò láti Skåne ní gúúsù dé Lapland ní àríwá. Oko, odò, òkè àti ibi ìwakùsà ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Jọ́gíráfì wọnú ìtàn náà bí iyọ̀ ṣe ń wọnú ọbẹ̀. Ní 1909, Lagerlöf di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀.

Ọdún 1945 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Tove Jansson gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Moomin, ẹ̀dá àròsọ rẹ̀, jáde ní Fínlándì; akéwì Lennart Hellsing bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewì bá ọmọdé ṣeré láìwàásù; Astrid Lindgren sì gbé Pippi Långstrump dé. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni Lindgren ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ilé ìtẹ̀wé Bonniers kọ̀ ọ́, Rabén & Sjögren ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó gbégbá orókè nínú ìdíje wọn. Pippi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń dá gbé, tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ẹṣin, tí ọlọ́pàá kò rí mú. Ní 1946, ọ̀jọ̀gbọ́n John Landquist bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọdé kò gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbójú fo ibì kan nínú ìwé Pippi. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ni ìwé náà fi pe àwọn ènìyàn dúdú tí bàbá Pippi jọba lé lórí, ó sì fi àwọn ará Kóńgò ṣẹ̀fẹ̀ pé òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Ọdún 2015 ni àtúntẹ̀ kan ní èdè Swídìn tó yọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òmìnira tí ìwé fún ọmọ kan lè di ẹ̀gàn fún ọmọ mìíràn.

Ní 1978, Lindgren gba ẹ̀bùn àlàáfíà ní Jámánì, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lòdì sí kí a máa na ọmọ. Ní 1979, Swídìn di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fòfin de nínà ọmọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló bí òfin yẹn, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti òfin náà ti hù. Nígbà tí Lindgren kú ní 2002, ìjọba dá ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀bùn àbínibí òǹkọ̀wé nìkan kọ́ ló gbé lítíréṣọ̀ yìí ró. Òfin mú kí ọmọ mọ̀wé kà, ẹgbẹ́ olùkọ́ wá ìwé fún un, wọ́n sì fi iṣẹ́ lé ẹni tó mòye lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba: ẹ lọ bá àwọn òǹkọ̀wé wa tó dáńtọ́, ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí ọmọdé ṣe fẹ́ ẹ.