Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Akẹ́rù Wa: Bí A Ṣe Lè Gbà Á Lọ́wọ́ Àbàwọ́n àti Ìpẹtà

Ibi tí a wá dá oko sí yìí jìnnà sí ọjà. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń bá wa kó iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀ràn ẹwà lásán ni àbàwọ́n ara rímù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irin tí a fi ọ̀dà bò ni púpọ̀ nínú rímù wọ̀nyí. Bí òkúta bá ha ọ̀dà náà, tí omi sì dé ibẹ̀, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá wọ inú rímù lọ, ara irin yóò di ṣákaṣàka, yóò sì máa gé túùbù. Táyà á wá jò lójú ọ̀nà, níbi tí kò sí fọkanáísà, tòmátì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹrẹ̀ pupa nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ajílẹ̀ òyìnbó burú jù ú lọ. Bí iyọ̀ ni ó ṣe rí: ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ibi tí ó bá ta sí kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Omi kíkan tí ń ro láti inú àpò ẹ̀gẹ́ rírin náà ń jẹ irin, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ. Ọjọ́ tí a bá kó ọ̀kan nínú wọn, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí a fọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Kí a má dúró de Sátidé.

Ṣùgbọ́n kí a tó da omi sí i, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó. Bí ẹ bá rí ìlà pupa tí ó ṣàn láti abẹ́ nọ́ọ̀tì tí ó di ẹsẹ̀ mú, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì náà ti ń dẹ̀. Ẹ fi sípánà dán an wò. Ìlà kékeré yẹn lè jẹ́ ìkìlọ̀ kan ṣoṣo kí ẹsẹ̀ tó yọ, tòun ti ọmọ tí ó jókòó sórí ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tutù kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Omi lásán ni kí ó kọ́kọ́ gbé iyanrìn lọ, kí ọṣẹ àti kànìnkànìn tó tẹ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn yóò ha ọ̀dà. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn rímù, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹni tí rímù tirẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kí ó má fi eérú fọ̀ ọ́, nítorí omi eérú ń jẹ ẹ́. (Ó ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù pẹ̀lú, ẹ̀yin ìyá wa, bí ó tilẹ̀ ń mú un dán.)

Bí ó bá ti gbẹ, ẹ fi àkísà tí ó ní oíìlì díẹ̀ nu ara rímù. Díẹ̀ ni a wí o. Oíìlì ń ba rọ́bà táyà jẹ́, bí ó bá sì wọ inú bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kò ní dúró nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ó ti dípẹtà, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin funfun yóò fi yọ, ẹ kun ọ̀dà tí í dènà ìpẹtà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó kun èyí tí ó kù. Ọjọ́ tí fọkanáísà bá tú táyà ni ó dára jù, nítorí inú rímù á hàn nígbà náà.

Ibi tí a ó ti máa fọ̀ ọ́ ńkọ́? Kí ó jìnnà sí kànga àti odò tí a ń mu. Ajílẹ̀ tí a fọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ bá wa dé ìdí àmù.