Orúkọ Ọmọ ni Ìjánu Ọmọ

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí nígbà tí a lóyún rẹ̀, iṣẹ́ àti ìsìn ìdílé baba rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ti òní yóò fi hàn pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ orúkọ ni ó lè tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, ní ẹnu àti nínú ìwé.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Èyí tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tí irun orí rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni Táíwò, èyí tí ó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé, Ìdòwú sì ni ọmọ tí a bí lẹ́yìn wọn. Orúkọ àbísọ ní tirẹ̀ a máa sọ ìtàn ilé. Babátúndé ń sọ pé baba àgbà ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Ògúndélé ń tọ́ka sí ilé ọdẹ tàbí ilé alágbẹ̀dẹ, Àyàndélé sì ń tọ́ka sí ilé onílù. Kòsọ́kọ́ àti Málọmọ́ ń sọ ti ẹkún ìyá tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́.

Àwọn aládùúgbò náà kò gbẹ́yìn. Láàárín àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà, ọjọ́ tí a bí ọmọ ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń sọ. Ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀ ni Kofi, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kwame, ti ọjọ́ Àìkú ni Kwasi. Kofi Annan, ẹni tí ó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 títí di òpin 2006, ń jẹ́ Kofi Atta. Kofi sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni a bí i; Atta sọ pé ìbejì ni, nítorí pé a bí òun àti arábìnrin rẹ̀ pọ̀ ní 1938. Àwọn Haúsá náà ní Danjuma fún ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn Ígbò ní tiwọn fi ọjọ́ ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ Okeke, Okoye, Okafor àti Okonkwo. Nnamdi, tí ó túmọ̀ sí pé baba mi wà láàyè, kò sì jìnnà sí Babátúndé.

Àwọn kan rò pé orúkọ tí ó ti òkè òkun wá kò ní ìtumọ̀, pé fáàrí lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní èdè Hébérù, Ísáákì ni "ó rẹ́rìn-ín", Dáníẹ́lì ni "Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi", Nàtáníẹ́lì sì ni "Ọlọ́run fi fúnni". Tómásì wá láti inú èdè Árámáíkì, ìbejì ni ó túmọ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ Táíwò ní Tómásì ti wí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní èdè Lárúbáwá, Abdullahi ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Muhammadu sì ni ẹni ìyìn. Mósè àti Músá, Jósẹ́fù àti Yésúfù, Ábúráhámù àti Bùráímọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n. Ahọ́n ni ó yàtọ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lè máa jẹ́ orúkọ kan náà láìmọ̀. Smith ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ju alágbẹ̀dẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni da Silva àti da Rocha tí àwọn ará Èkó mú bọ̀ láti Bràsíìlì ń tọ́ka sí igbó àti àpáta.

Ìtàn ẹnì kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yéni yékéyéké. Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, a sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú Àfàlà ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ náà sílẹ̀, a sì mú Àjàyí lọ sí Sàró. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, ó di Samuel Crowther. Crowther yìí náà, orúkọ iṣẹ́ ni láyé àtijọ́: ẹni tí ń lo ohun orin olókùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígòjé. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ọmọ tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ti ìyá yìí, kì í ṣe Samuel ni ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, Àjàyí ni. Nígbà tí a sì ṣe ìrìbọmi fún òun náà ní 1848, Hánà ni a sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ọmọ náà di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ṣùgbọ́n Àjàyí kò parẹ́ lára orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà mìíràn. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ náà tì ní 1894, ó sì ń jẹ́ Mojola Agbebi. Ẹni kan so orúkọ méjì pọ̀, ẹnì kejì yan ti ilé. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó dára ní ẹnu lè bàjẹ́ nínú ìwé. Òjó ni ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Òjò ni ó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Ọlá ni iyì. Ọ̀la ni ọjọ́ tí ó tẹ̀lé òní. Bí akọ̀wé kò bá fi àmì sí i, àjèjì kò lè mọ èyí tí baba ọmọ ní lọ́kàn. Èyí tí ó tún le jù ni ti ẹni tí ń jẹ́ Bùráímọ̀ ní ilé, Ibrahim ní ilé ìwé, àti Braimoh ní ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gba ogún rẹ̀ ní báńkì, a ó bi wọ́n léèrè bóyá ènìyàn kan ni tàbí mẹ́ta. Kóòtù ni wọn yóò máa sáré lọ láti gba ìwé ìbúra. Owó yóò lọ, ọjọ́ yóò sì lọ.

Láti 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí a fi orúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí ní Nàìjíríà sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Kí ìyá àti baba tó lọ, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí wọ́n béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ ọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ilé yóò máa tọ́jú. Bí akọ̀wé bá fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀wé, kí wọ́n bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ni kí a kọ ọ́ ní ilé ìwé, ní báńkì àti ní ibi gbogbo.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ Àjàyí ni kò jẹ́ kí ẹni tí a tà sí ìlú òkèèrè sọnù pátápátá fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí orúkọ tí a bá sọ àwọn ọmọ mọ́ wọn lórí, kí ó sì bá wọn kalẹ́.