Ìgbésí-ayé Kápítéènì J. P. L. Davies: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Wà ní Ìdálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Àbújá

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn baba wa ayé àtijọ́ tí ó ti ìdí òwò bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀ ìlú. Mo rò ó títí, ọkàn mi sì bá Kápítéènì James Pinson Labulo Davies lọ. Ó ní ìdí tí mo fi yàn án. Ìdí náà yóò hàn kí n tó jókòó.

Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹni tí ó ti rí já jẹ nínú òwò wọ ìṣèlú, pàápàá nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Líbẹ́rà. Joseph Chamberlain jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣó onílílọ́ ni ilé-iṣẹ́ wọn ń rọ ní Birmingham. Ní ọdún 1873 ó di Méyọ̀ ìlú náà, ní ọdún 1876 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ ní London. Ṣùgbọ́n kí Chamberlain tó di Méyọ̀, Davies ti jókòó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti ọdún 1872. A kò dìbò yàn án o, nítorí Èkó kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò sí ìgbìmọ̀ náà títí di ìgbà òfin Clifford ti ọdún 1922. Ìjọba ni ó yàn án, nítorí pé ó jẹ́ gbajúmọ̀ láàrín àwọn oníṣòwò dúdú.

Ta ni ọkùnrin yìí? Ẹ má ṣe rò pé ilé ọlá ni a bí i sí. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni baba rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀. A ti tà wọ́n fún àwọn olówò ẹrú, wọ́n ti wà lójú òkun kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀, tí a sì kó wọn gúnlẹ̀ sí Sàló, èyí tí í ṣe Sierra Leone. Ní abúlé Bathurst níbẹ̀ ni a bí Davies ní ọdún 1828. Ìdálẹ̀ ni a bí i sí, láàrín àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ bóyá ojú àwọn yóò tún kan ilé mọ́. Èdè Yorùbá wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ilé jìnnà.

Ó lọ sí ilé-ìwé gíga ti ìjọ C.M.S. ní Freetown, ó ṣe olùkọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1849 ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ọkọ̀ kan náà tí ó gba àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kọ́ bí a ti ń tukọ̀ lójú agbami. Ní òpin ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò tí wọ́n sì dá Ọba Akítóyè padà sórí oyè, Davies wà nínú ogun náà, ìbọn sì bà á. Èmi kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Àwọn kan wà lónìí tí wọ́n ń bi í pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ọkọ̀ tí ó jó Èkó. Àwọn mìíràn ní ọmọ ẹni tí a tà lẹ́rú kò lè ṣàì bá olówò ẹrú jà. Ẹ gbé e yẹ̀ wò fúnra yín. Èmi ń sọ ìtàn ènìyàn ni, n kò sọ ti áńgẹ́lì.

Ní ọdún 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò. Ní ọdún 1856 ó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Owó wá, owó ya ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò di ahun. Nígbà tí Àlùfáà Babington Macaulay, baba Herbert Macaulay, fẹ́ dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Davies ni ó fi àádọ́ta pọ́n-ùn sílẹ̀ kí a fi ra ìwé àti ohun èlò. Ẹ rántí pé ilé-ìwé náà ni ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà.

Ní oṣù August ọdún 1862, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni Sarah, ilẹ̀ tí à ń pè ní Yewa nísinsìnyí. Ogun Dàhómì ni ó kó o ní kékeré, tí ọba Dàhómì fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ọbabìnrin tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, nígbà tí Sarah sì bí àkọ́bí rẹ̀, Ọbabìnrin ni ó ṣe ìyá ìsàmì fún un, tí ọmọ náà fi ń jẹ́ Victoria. Ẹ wò ó bí: ọmọ ẹrú gbé ọmọ ẹrú níyàwó, ọbabìnrin ayé sì di ìyekan wọn. Ta ni ó lè rò pé ilé bẹ́ẹ̀ lè mì?

Ṣùgbọ́n ó mì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò ìgbà náà ti rí, kí ẹ lè mọ ibi tí ìjì ti fẹ́ wá. Àwìn ni òwò Èkó fi ń rìn. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní Manchester tàbí Liverpool yóò fi aṣọ ránṣẹ́ láwìn sí oníṣòwò Èkó. Oníṣòwò Èkó yóò pín in láwìn fún àwọn aláròóbọ̀ tí ń lọ sí òkè. Àwọn yẹn yóò sì mú epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ bọ̀. Bí ogun bá sé ọ̀nà, tàbí bí owó epo bá já ní Liverpool, gbogbo ẹ̀wọ̀n náà yóò já lọ́rùn ẹni tí ó wà láàrín. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀. Pẹ̀lú ìwé yìí, ènìyàn lè fi ilé rẹ̀ dógò. Ohun tí ó dàbí ìrọ̀rùn di ìdẹkùn fún ọ̀pọ̀. Àwa tí a ń sáré ìwé C of O kiri Àbújá, tí a sì ń gbé e lọ sí báńkì, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Davies fi ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ dógò fún ilé-iṣẹ́ kan ní Manchester. Ní àkókò tí ó jókòó ní ìgbìmọ̀, láti 1872 sí 1874, gbèsè ti ń lé e bọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1876, a kéde rẹ̀ ní gbangba pé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Ọlọ́lá ìgbìmọ̀, ọkọ ọmọ Ọbabìnrin, di ẹni tí a ń kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. Bí ẹni pé èyí kò tó, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú Sarah, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní oṣù August ọdún 1880. Kò tí ì pé ogójì ọdún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ọkùnrin náà ṣe? Ó kọjá sí inú igbó. Ní nǹkan bí ọdún 1880 yẹn, ó dá oko sí Ìjọn, ní ìwọ̀-oòrùn Agége. Ó rí èso igi kan tí kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, láti ọwọ́ ọkọ̀ Brazil àti láti erékùṣù Fernando Po. Kòkó ni. Ó gbin ín. Ní oko náà ni ó ti gbé òpó òkúta nàró ní ìrántí aya rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó gbin kòkó ní ìgbà náà. Ní àkókò kan náà ni Tetteh Quarshie ń gbin tirẹ̀ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, Davies wà ní iwájú.

Bí ẹ bá mọ kòkó, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníwàǹwára. Ẹ óò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó ṣíji bò ó, ẹ óò máa ro ó, ẹ óò dúró ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó so. Ẹni tí ó ti kọjá àádọ́ta ọdún, tí gbogbo Èkó mọ̀ pé ó ti wọ gbèsè, ni ó jókòó ti igi bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nìyí. Davies kò fi ìmọ̀ náà ṣe awo. Ó kọ́ Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó di òpó ìjọ African Church lẹ́yìn náà. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Agége di oko ńlá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn lébìrà ti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin ín, nígbà tí wọ́n sì ń padà sí ìlú wọn, wọ́n kó èso lọ. Báyìí ni kòkó ṣe tàn. Davies kú ní oṣù April ọdún 1906, kò rí òpin rẹ̀. Kò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955, tí owó kòkó ràn lọ́wọ́. Kò rí Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Púpọ̀ nínú wa tí a jókòó síhìn-ín, kòkó ni ó rán baba wa tàbí ìyá wa lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yan ìtàn yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi fúnra mi kó irin àti sìmẹ́ǹtì fún agbaṣẹ́ṣe kan láwìn. Owó kò jáde. Ìsọ̀ mi ní Dei-Dei di títì. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi wá sí ìpàdé yìí. Kì í ṣe pé mo bá ẹnikẹ́ni jà. Ojú ni ó ń tì mí. Bí mo bá rí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, n óò yà sí ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kan ni ìyá kan láàrín wa, tí kò ní fẹ́ kí n dárúkọ òun, wá sí ilé mi ní Kubwa. Kò bèèrè owó oṣù. Ó ní, “Ọmọ mi, àga rẹ ṣófo.” Ó jókòó díẹ̀, ó sì lọ. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, mo wá.

Alága, mo rí i nínú ètò ìpàdé òní pé a fẹ́ yọ orúkọ ẹni tí ó bá jẹ owó oṣù mẹ́fà. Mo mọ ohun tí Akápò wa ń sọ, òtítọ́ ni: owó yìí ni a fi ń gbé òkú lọ sílé, òun ni a fi ń bẹ aláìsàn wò, ẹgbẹ́ kò lè fi ẹnu lásán rìn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí a tó fa ìlà sí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹni méjì kọ́kọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Kí a mọ̀ bóyá olè ẹgbẹ́ ni, tàbí ẹni tí òwò ti wó lé lórí. Ìwọ̀sí nílé ẹni, àwọn ẹbí a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdálẹ̀, lórí ilẹ̀ Gbagyi tí wọ́n gbà wá sí yìí, ta ni a ní bí kò ṣe ara wa?

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì ni pé kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ mú ọmọ kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, kí ó kọ́ ọ láìgba owó. Ìwé ilé lè bọ́ sọ́wọ́ báńkì, oyè ìgbìmọ̀ a sì máa tán. Ilé tí Davies fi dógò ní Èkó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èso tí ó fi lé Coker lọ́wọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣòwò òfò. Ẹni tí ó bá sì ṣubú láàrín wa, ẹ jẹ́ kí ó rí ọwọ́ dì mú.