Aṣọ Pọ́ọ́kú: Ta Ló ń San Ìyókù Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ ní ìpàdé oṣù, fún àǹfààní ẹni tí kò lè wá)

 

Ọ̀rọ̀ aṣọ la mú wá lónìí. Kò sí ẹni tí kì í fẹ́ ọjà pọ́ọ́kú nínú wa. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń tajà mọ̀ pé owó kì í ṣàdédé dín. Bó bá dín lára ọjà, ẹnì kan ti san án níbòmíì.

Ẹ wo bẹ́èlì òkìrìkà tí à ń tú. Ẹ ka aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù: ẹ ó rí Bangladesh lára púpọ̀ nínú wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin bíi tiwa ló sì pọ̀ jù. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rán an fún. Ìgbà tí àwọn yẹn bá wọ̀ ọ́ tì ló ń di tiwa.

Ní Savar, lẹ́bàá Dhaka tí í ṣe olú ìlú wọn, ilé alájà mẹ́jọ kan wà tó ń jẹ́ Rana Plaza. Báńkì àti ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn aránṣọ wà lókè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, òpó àti ògiri ilé náà là. Báńkì lé àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ sílé. Àwọn aránṣọ ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n padà wọlé lọ́jọ́ kejì, torí àwọn oníbàárà òkè òkun ń retí ọjà. Owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn jẹ́ 3,000 táká, kò tó 40 dọ́là. Ẹni tó ń gba iyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò lọ? Láàárọ̀ ọjọ́ 24, ilé náà wó. Èèyàn 1,134 ló kú.

Ká má sọ pé ọ̀nà jìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú, nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ni kò jáde mọ́.

Ṣé ká má ra aṣọ mọ́ ni? Rárá o. Bí a ò bá rà, ìkòkò àwọn aránṣọ yẹn ò ní í hó. Ẹnu ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí Rana Plaza wó, àwọn òṣìṣẹ́ pariwo, àwọn tó ń ra aṣọ lókè òkun náà sì ń béèrè ẹni tó rán an. Láti oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé wọ́n á máa yẹ ilé wò. Wọ́n ju igba lọ nígbẹ̀yìn. Owó oṣù di 5,300 táká nípari ọdún 2013, ó di 12,500 nípari ọdún 2023. Ó ṣì kéré, àmọ́ kì í ṣe ti àná.

Owó òkìrìkà tí à ń san kì í dé ọwọ́ wọn. Ibi tí ọwọ́ tiwa dé ni ká ti bẹ̀rẹ̀:

1. Ẹni tó ń rán aṣọ ilé ìwé tàbí báàgì fún wa, ká lọ wo ibi tó ti ń rán an. Ṣé ìlẹ̀kùn ṣeé ṣí láti inú?

2. Bí a bá ń dúnàádúrà, ká má já a wọ inú owó iṣẹ́ ọwọ́. Ká sì san án lọ́jọ́ tí a dá.

3. Ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì, tí a bá a nídìí ẹ̀rọ, ká bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè.

A mọ̀ pé ọjà ò yá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

 A ò ní fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì jèrè. Àṣẹ.