ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ PÁÌPÙ AFẸ́FẸ́ INÚ ILÉ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú wa tí ń gbé ní Chicago)



Ẹ̀yin ará ilé tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí lè bèèrè pé, kí ni ó kàn wá nínú páìpù ilé Amẹ́ríkà? Ó kàn yín, nítorí pé owó tí páìpù burúkú bá gbé mì níhìn-ín kò ní lè dé ilé mọ́.

Òtútù Chicago ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ rárá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ní ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, tí a sì lè so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ fún ìgbà ooru. Inú páìpù páànù ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà dé yàrá gbogbo.

Nígbà tí ìyá wa wá bẹ̀ wá wò, yàrá ìkangun ni a fún wọn. Ní òru, wọn a da aṣọ òfì bora, síbẹ̀ wọn a máa gbọ̀n. Oníṣẹ́ kan ní kí a ra ẹ̀rọ tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ. A rà á. Ariwo pọ̀ sí i, owó tí à ń san pọ̀ sí i, òtútù kò dín. Nígbà tí a pe ẹlòmíràn, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Okùn ìwọ̀n ni ó mú jáde. Páìpù íńṣì 5 ni ó bá lábẹ́ yàrá náà, ó sì ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin. Ó fi íńṣì 7 rọ́pò rẹ̀, ó sì yọ ìgbọ̀nwọ́ méjì kúrò. Ní òru ọjọ́ náà, ìyá wa sùn.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ẹ má fi ojú lásán wọn páìpù. Íńṣì 2 péré ni ó wà láàárín 5 àti 7, ṣùgbọ́n àyè ẹnu íńṣì 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti íńṣì 5. Páìpù íńṣì 6 mẹ́rin ni àyè ẹnu wọn tó ti íńṣì 12 kan. Ìwé ìṣirò wà tí àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà ń lò: Manual J fún ohun tí yàrá ń fẹ́, Manual D fún páìpù. Kí a ní kí oníṣẹ́ fi ìṣirò rẹ̀ hàn wá kí a tó sanwó.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan a máa dá afẹ́fẹ́ dúró, bí ẹni pé a fi ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kún gígùn páìpù. Èyí tí ó tẹ̀ roboto sàn ju èyí tí ó ṣẹ́ gérégé lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta: kí a kọ ìwọ̀n gbogbo sílẹ̀ kí a tó lọ sí ọjà. Páìpù roboto wà ní ilé ìtajà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé àtijọ́ bá ní páìpù onígun mẹ́rin tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣàjèjì, kí a gbé àwòrán rẹ̀ tọ àwọn tí ń ká páànù lọ, kí wọ́n bá wa ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà páànù: 30 fẹ́lẹ́ ju 26 lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: orí páìpù tí a fún pọ̀ ni kí ó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Kí a fi ìdè onírin dè é, kí a sì fi ọ̀dà mastic dí oríkèé rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé téèpù aláṣọ. Ní 1998, àwọn onímọ̀ Lawrence Berkeley ní California dán an wò, ó sì kùnà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń ṣòfò ní ojú ihò páìpù.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí wà láàárín wa. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ ńlá, kí ó pè wọ́n wá wọn páìpù. Ohun tí a bá fi pamọ́, ìlú wa ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé gbogbo wa tù wá lára.