Iye Tí Òkùnkùn Ń Gbà Lọ́wọ́ Oníṣòwò

Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, oníṣòwò a káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé èló ni ó pàdánù, ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà tọ̀nà, nítorí pé ìṣirò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, oníbúrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ń ta búrẹ́dì kan ní 1,000 náírà. Iná lọ, kò sì rí 100 búrẹ́dì ṣe. Ó ní òun pàdánù 100,000 náírà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú 1,000 náírà yẹn, 700 ni owó ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà; ìyẹ̀fun tí a kò tíì pò ṣì wà nínú àpò. Òkùnkùn kò gbà ju 300 tí ó kù lọ, èyí tí owó iṣẹ́, owó ilé àti èrè ń ti inú rẹ̀ jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30,000 náírà. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì 20 bá ti di pípò kí iná tó lọ, tí ó sì bàjẹ́, 14,000 tún gun orí rẹ̀: ó di 44,000.

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúnáwá; kò pàdánù búrẹ́dì kankan. Ẹni tí ó bá kọ òfo síwájú orúkọ rẹ̀ ti ṣìṣe. Owó epo, owó àtúnṣe, àti iye tí ó ra ẹ̀rọ náà, tí a pín sí iye ọdún tí yóò lò, ni a óò kó jọ; a óò wá yọ iye tí ìbá san lórí iná mànàmáná kúrò. Ìyókù ni owó òkùnkùn.

Ẹnì kan sì tún wà tí ìwé ìṣirò kì í rí: ẹni tí ó fẹ́ máa ta ẹja dídì, tí ó wo owó epo, tí ó sì jáwọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé kéde pé àìdúró déédéé iná ń gba nǹkan bíi tírílíọ̀nù 10.1 náírà lọ́wọ́ Nàìjíríà lọ́dún. Bí a bá dín irú iye bẹ́ẹ̀ kù, yóò dà bí ẹni pé àtúnṣe kò yẹ ní ohun tí a ń náwó lé lórí. Bí a bá bù mọ́ ọn, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ní gbogbo àkókò tí àríyànjiyàn náà bá sì fi ń lọ, ẹni tí ó ń ra búrẹ́dì ni ó ń san gbèsè náà.