Ìbéèrè ààbò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà: Ta ló ń jìyà ìrọ̀rùn wa?

Ẹ fi ojú inú wo oníṣòwò kan ní ELWA Junction, ní Paynesville lẹ́bàá Monrovia. Ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Oníbàárà ń dúró, mọ́tò ń fọn fèrè, oòrùn ń mú. Fóònù ní kó tẹ PIN. Ó bá pe PIN náà sókè fún ẹni tó ń bá a fowó ránṣẹ́: "Bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ìrọ̀rùn ni, àmọ́ ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kò lè ní òun ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ẹ̀bi oníṣòwò nìkan. Nígbà tí Windows Vista dé lọ́dún 2007, ìgbà gbogbo ló ń béèrè pé, "Ṣé o fọwọ́ sí i?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láì kà á, àwọn mìíràn pa á. Microsoft dín ìbéèrè náà kù nínú Windows 7 lọ́dún 2009. Ajá tó ń gbó tọ̀sán tòru, bí olè bá dé, ta ni yóò dìde?

Àmọ́ àìbéèrè rárá burú jù ú lọ, Làìbéríà sì rí i.

Lọ́dún 2016, wọ́n kọlu íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ Lonestar MTN níbẹ̀. Àwọn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé àwọn èèyàn kárí ayé ni wọ́n fi ṣe é. Mirai, ètò tí wọ́n lò, kò já ilẹ̀kùn kankan. Nǹkan bíi 60 orúkọ àti password tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ ló ń dán wò. Ẹ̀rọ kò sọ fún olówó rẹ̀ pé kó pààrọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní London rán Daniel Kaye lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá Lonestar díje ló gbà á síṣẹ́.

Ẹni tó ni kámẹ́rà sùn dáadáa. Oníbàárà ní Monrovia ló jìyà.

Kí wá ni ìwọ̀n tó yẹ? Kí ẹ̀rọ béèrè lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a bá kọ́kọ́ tàn án, kó má sì ṣiṣẹ́ títí a ó fi pààrọ̀ password. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú password kan náà fún gbogbo èèyàn. Kí fóònù tún béèrè nígbà tí owó bá fẹ́ jáde, kó sì fi orúkọ ẹni tó máa gbà á hàn. Kó má fi ìbéèrè kéékèèké dààmú wa.

Nígbà tó bá wá béèrè, kí oníṣòwò ELWA Junction fọwọ́ bo fóònù, kó tẹ PIN rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oníbàárà á dúró díẹ̀.